Balógun tó tún ń kọ́ni: ta ni yóò ní kó jáde?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Perth ní Ọsirélíà ni mò ń gbé, òpópónà márosẹ̀ Graham Farmer ni mo sì ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwa tá a jọ ń gbà á ni kò mọ ẹni tó ni orúkọ yẹn.

Agbábọ́ọ̀lù ni, bọ́ọ̀lù ti Ọsirélíà tí èèyàn 18 ń gbá fún ikọ̀ kan, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ìbílẹ̀ Noongar ni Farmer, tí gbogbo ayé ń pè ní Polly. Wọ́n bí i lọ́dún 1935, ilé àwọn ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí wọn, tí wọ́n ń pè ní Sister Kate's, ló sì dàgbà sí. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ. Ẹ wá wo ẹni tó ń fò ju gbogbo wọn! Ó ṣe bẹbẹ ní kíláàbù East Perth, ó sì bá kíláàbù Geelong gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún 1963.

Àmọ́ ti West Perth ni wọn kì í sọ tó. Ọdún 1968 ló débẹ̀, òun ni balógun, òun náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Kíláàbù náà kò tíì gba ife láti 1960. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbà á ní 1969 àti 1971, East Perth, ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ni wọ́n sì lù lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹni ọdún 36 ni nígbà ìkejì, ó ṣì ń bá àwọn tó ń kọ́ fò.

Kó tó dé, ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ló sábà ń fi ìkúùkù gbá bọ́ọ̀lù sí ẹlòmíràn. Farmer ló sọ ọ́ di ohun ìjà. Wọ́n máa ń ròyìn pé ojú fèrèsé mọ́tò ló ń gbá a gbà láti fi kọ́ra. Àwọn ìbejì mi ń ṣe é lópin ọ̀sẹ̀: òsì á gbé bọ́ọ̀lù, ọ̀tún á di ìkúùkù, á gbá a láti abẹ́, pàù!

Farmer kú ní oṣù kẹjọ 2019, àrùn ìgbàgbé ti ń bá a fínra kó tó kú. Ìdílé rẹ̀ gbà kí wọ́n yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, mo kí wọn fún ìyẹn. Lọ́dún 2020 ni wọ́n kéde pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù yìí tí wọ́n rí CTE lára rẹ̀, àrùn ọpọlọ tó ń tẹ̀ lé kí orí máa gba ìkọlù léraléra.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyẹn. Bí wọ́n bá gbá balógun lórí, tó jẹ́ pé òun náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, ta ló láyà tí yóò ní kó jáde? Líìgì ńlá ti pa àṣà kí balógun tún máa kọ́ni tì, ṣùgbọ́n àwọn kíláàbù kéékèèké ṣì ń dá a. Òfin wà báyìí fún irú àwọn kíláàbù bẹ́ẹ̀ pé ẹni tí ìkọlù bá mi ọpọlọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tún gbá ìdíje kí ọjọ́ 21 tó pé, àmọ́ ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i, kó sì sọ ọ́. Kí kíláàbù kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí kì í gbá, tí kì í kọ́ni, tó láṣẹ láti yọ ẹnikẹ́ni, títí kan balógun. Ẹ̀yin òbí tá a jọ wà ní Perth, ẹ béèrè ẹni náà lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó forúkọ ọmọ yín sílẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá Ìbejì, Perth