Ta ló ni àwọn ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀ sí èbúté wa?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láti ìgbà tí ariwo ìdìbò 2027 ti gba àdúgbò wa kan ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, kò sí olóṣèlú tó gbé gbohùngbohùn tí kì í dárúkọ èbúté Lẹ́kkí. Wọ́n á ní ọkọ̀ ńláńlá ti ń wọlé, wọ́n á ní iṣẹ́ ti dé. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ń wọlé. Ilé ọmọ mi tí mò ń gbé kò jìnnà sí omi, mo sì ń rí wọn ní àràárọ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ta ló ni àwọn ọkọ̀ náà, ọmọ ta ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú wọn?

Wáàfù Àpápá ni mo ti jẹun kí n tó di bàbá àgbà. Tálì-kíláàkì ni mí. Bí kíréènì bá ti ń gbé àpò ìrẹsì tàbí ṣúgà jáde nínú ọkọ̀, ìwé àti bírò á ti wà lọ́wọ́ mi: ìlà mẹ́rin lóòró, ìkarùn-ún ni màá fi dábùú wọn. Àpò tó bá ya, ọ̀tọ̀ ni màá kọ tirẹ̀, torí bí ẹrù bá dín pẹ́nrẹ́n, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí iṣẹ́ yẹn á mọ ọkọ̀ ní wíwò. Èyí tó ru ẹrù máa ń jókòó wọnú omi dáadáa. Èyí tó ti já ẹrù á léfòó, ọ̀dà pupa ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì yọ síta. Bí mo ṣe ń wò wọ́n dòní nìyẹn. Wọ́n ń kó ẹrù òkèèrè wá bá wa, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹtẹ́nà tí wọ́n ń kó padà sì jẹ́ òfìfo.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkọ̀ tiwa wà láàárín wọn. Ní 1959 ni wọ́n dá Nigerian National Shipping Line, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun orílẹ̀-èdè wa, sílẹ̀, orúkọ odò ilẹ̀ wa ni wọ́n sì fi ń pe púpọ̀ nínú ọkọ̀ wọn. River Ogbese wà níbẹ̀, River Majidun náà wà níbẹ̀. Ọmọ Ìkòròdú ni mí. Ẹ fojú inú wo bó ṣe máa ń rí lára mi tí mo bá rí orúkọ odò tí ìyá mi ń gbà kọjá lọ sọ́jà lára irin tó ga ju ilé alájà lọ. Mo mọ àwọn ọmọ Yorùbá, ọmọ Ígbò àti ọmọ Ìjọ̀ tí wọ́n jẹ́ ẹnjiníà àti kúùkù nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn, tí wọ́n fi owó rẹ̀ kọ́lé, tí wọ́n fi rán ọmọ níwèé. Gbèsè wọlé, àbójútó kò sí, àwọn olówó gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ ní èbúté òkèèrè. Nígbà tó di 1995, ìjọba ológun pa ilé iṣẹ́ náà rẹ́.

Àìní ọkọ̀ tiwa kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyì lásán, owó ni. Ní 1975, ìjọba Gowon ti béèrè fún símẹ́ńtì tó tó 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, nígbà tí Àpápá kò lè já ju nǹkan bíi 1 mílíọ̀nù lọ lọ́dún. Ọkọ̀ tó lé ní 400 dúró sójú òkun. A máa ń lọ sí Bar Beach lálẹ́ lọ wò wọ́n, iná wọn lọ bẹẹrẹ bí ìlú mìíràn tó tẹ̀dó sórí omi. Lójoojúmọ́ tí wọ́n fi dúró yẹn, owó ìdádúró ń gun orí ara wọn, àwọn oní-ọkọ̀ òkèèrè ló sì jẹ èrè rẹ̀.

Ní 2003, òfin Cabotage jáde. Òfin yẹn ní iṣẹ́ ọkọ̀ láti èbúté wa kan sí òmíràn, bíi kíkó epo láti Èkó lọ sí Warri, ti ọmọ Nàìjíríà ni: ọkọ̀ wa, òṣìṣẹ́ wa. Ó tún ní kí wọ́n máa yọ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó iṣẹ́ náà sínú àpò kan, kí ọmọ ilẹ̀ wa lè rí i yá ra ọkọ̀. Ogún ọdún kọjá lórí òfin yìí, owó ń wọ àpò náà, oní-ọkọ̀ kan ṣoṣo kò rí i yá. Ìwé ìyọ̀ǹda tí òfin fàyè gbà kí ọkọ̀ òkèèrè lè ṣe iṣẹ́ náà ni wọ́n sì ń fún wọn kiri. Èyí ló ń dùn mí jù, torí kò sí òfin tuntun tí a ní kí wọ́n ṣe.

Ọmọ àbúrò mi kàwé awakọ̀ òkun, ó sì yege. Àmọ́ kò lè ṣe ìdánwò tó máa sọ ọ́ di ọ̀gá nínú ọkọ̀ bí kò bá tíì ṣiṣẹ́ lórí òkun fún iye oṣù tí wọ́n là sílẹ̀. Sea time ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ wo ló fẹ́ wọ̀? Aṣojú kan gba owó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé òun á bá a wá ọkọ̀, kò rí ọkọ̀, kò rí owó. POS ló ń ṣe báyìí ní Ṣàngótẹ̀dó. Tó bá wá kí mi, ó máa ń ṣí áàpù kan lórí fóònù, a ó jọ máa tẹ àwọn ọkọ̀ tó wà níwájú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ wọn sílẹ̀ á sì máa yọ: Làìbéríà, Panama, Marshall Islands. Ó mọ irú ẹ́ńjìnnì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò, ó sì máa ń ṣàlàyé fún mi títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ní 2006 tí ìjọba fi èbúté sọ́wọ́ àwọn aládàáni, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwa dọ́kà, èmi náà wà lára wọn. Mi ò torí ìyẹn kọ lẹ́tà yìí. Tèmi ti lọ. Ti àwọn ọmọ yìí ni mò ń sọ.

Olóòtú, àwọn olóṣèlú máa ń wá sọ́dọ̀ yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo bẹ̀ yín, ẹni tó bá ń du ipò ilé aṣòfin àgbà tàbí kékeré láti etí òkun yìí, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì. Kí ni yóò ṣe kí owó Cabotage lè dé ọwọ́ àwọn tí òfin ní kó dé? Ṣé yóò fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ òkèèrè tó bá gba ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ mú àwọn ọmọ wa wọlé fún sea time? Kí ẹ tẹ ìdáhùn oníkálùkù jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ kí ọjọ́ ìdìbò tó kò.

Èmi ni tiyín,
Tálì-kíláàkì àná,
Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, Èkó.