Ọ̀yọ́ Nìkan Kọ́ Ló Ta Èèyàn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Òǹkàwé yín kan kọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé ariwo tí àwọn èèyàn ń pa lórí ìtàn tó wà nínú fíìmù The Woman King, èyí tó dá lórí àwọn jagunjagun obìnrin Dàhómì (ní ilẹ̀ Benin òde òní) tó ń bá Ọ̀yọ́ jà, ti pọ̀ jù, pé eré lásán ni, àti pé ẹni tó bá ń wá ìtàn, ilé-ìwé ni kó gbà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n dá a lóhùn. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni mo sì ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ibi tó yẹ ká ti yìn wọ́n ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Fíìmù tí Gina Prince-Bythewood darí ní ọdún 2022 yìí dùn-ún wò. Àwọn tó ń sọ pé obìnrin kankan ò lè jà báyẹn, pé àsọdùn Hollywood ni, àwọn gan-an ni wọn ò mọ̀tàn. Àwọn Òyìnbó tó dé Abomey, olú-ìlú Dàhómì, láyé ọjọ́un fojú ara wọn rí bí àwọn jagunjagun obìnrin ṣe ń fi ẹsẹ̀ lásán la igbó ẹ̀gún kọjá níwájú ọba, tí wọn ò ní bojú wẹ̀yìn. Ó wà nínú fíìmù náà. Pé wọn kì í lọ́kọ, torí pé ìyàwó ọba ni gbogbo wọn lábẹ́ òfin, òótọ́ ni. Kódà ẹṣin tí wọ́n fún àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ gùn bá ìtàn mu. Ohun tó kàn pa mí lẹ́rìn-ín ni pé wọ́n sọ balógun Ọ̀yọ́ ní Oba Ade. Ìlú tó ní Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tó ní àwọn Ẹ̀ṣọ́! Jimmy Odukoya tó ṣe é, ọmọ wa ni. Bóyá ojú ló ń tì í láti sọ fún wọn.

Ṣùgbọ́n aṣọ, ẹṣin àti ọ̀nà ìjà kọ́ ló ń bí mi nínú. Ẹ wo ọdún tí wọ́n mú. Wọ́n ní 1823 ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Lóòótọ́, nígbà yẹn ni Dàhómì já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, lẹ́yìn ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n ti ń san láti nǹkan bí ọdún 1730. Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ ti ń wó nígbà náà, Àfọ̀njá ti mú Ìlọrin kúrò lábẹ́ Aláàfin. Nítorí náà, ọdún kan tí Dàhómì fi jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ ni àwọn onífíìmù yìí fọgbọ́n mú, wọ́n wá di ẹ̀bi òwò ẹrú ru Ọ̀yọ́.

Nínú fíìmù náà, Ghezo, ọba Dàhómì, wá di ọba ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ ìmọ̀ràn, tí wọ́n ń bẹ̀ pé kó fi ẹrú sílẹ̀ kó máa ta epo pupa. (John Boyega ló ṣe é, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Ayé yìí!) Ghezo tó wà nínú ìtàn gba ìtẹ́ lọ́wọ́ Adandozan ní 1818, Francisco Félix de Souza ló sì tì í lẹ́yìn, ará Brazil tó ń ta ẹrú ní Ouidah, èbúté Dàhómì. Ọba fi í joyè Chacha, ọlá yẹn náà ló sì kú sí ní 1849. Nínú fíìmù, wọ́n pa irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tú àwọn ẹrú sílẹ̀. Epo pupa dé lóòótọ́ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ẹrú ni wọ́n kó sínú oko rẹ̀. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní láti dí etíkun pa kí Ghezo tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti fi òwò ẹrú sílẹ̀ ní 1852, kò sì pẹ́ tí òwò náà fi tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sún ìtàn náà síwájú fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n péré, kí ẹ wò ó. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, 1851, ọmọ ogun Ghezo kan náà, tọkùnrin tobìnrin, ya bo Abẹ́òkúta. Ìlú tí kò gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Dàhómì rí ni o. Ìbọn ló wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin yẹn, owó ẹrú sì ni wọ́n fi ń ra ìbọn. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ni pé àwọn baba wa rò pé ọkùnrin làwọn ń bá jà, àfi ìgbà tí wọ́n yẹ òkú wò. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n ti kó Òkè-Odàn, tí wọ́n mú ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Àìná. Ghezo fi ọmọ náà ta ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́rẹ ní 1850, òun ló di Sarah Forbes Bonetta, tí Ọbabìnrin Victoria mú sábẹ́ àbójútó rẹ̀.

Mi ò bá àwọn ará ilé wa tó ń bínú pé wọ́n ba Ọ̀yọ́ lórúkọ jẹ́ lọ. Ọ̀yọ́ ta èèyàn, ó tà wọ́n gba Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì, kò sí ohun tí a fẹ́ fi bò ó. Mi ò sì bá àwọn ará Amẹ́ríkà tó ní kí ẹnikẹ́ni má wò ó lọ. Ṣùgbọ́n ó yé mi ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Ní 1860, Dàhómì kó ìlú ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan tó ń jẹ́ Kossola, ọkọ̀ ẹrú Clotilda sì gbé e dé Alabama ní Amẹ́ríkà. Ó wà láyé di 1935, ó sì ṣàlàyé bí àwọn ọmọ ogun obìnrin ṣe gé orí àwọn ará ìlú rẹ̀. Àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ náà ṣì wà ní Africatown, àdúgbò tí wọ́n tẹ̀ dó ní Alabama. Kí òǹkàwé yín lọ sọ fún wọn pé eré lásán ni.

Mo gbọ́ pé àwọn onífíìmù wa náà ń fẹ́ ṣe ti ogun Abẹ́òkúta. Ẹ ṣe é, a ó wò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Ẹfúnróyè Tinúubú, tó wá ìbọn àti ẹ̀tù fún Ẹ̀gbá nígbà tí Dàhómì tún padà wá, tí wọ́n sì fi joyè Ìyálóde ní 1864, ẹ má ṣe gbàgbé láti fi hàn pé òun náà ta ẹrú.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta.