Wọ́n ní aláìsàn ló lágídí

Olóòtú,

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá elétò ìlera kan lórí rédíò lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú ṣì ń bí mi. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí rọpárọsẹ̀ fi máa ń padà kọ lu ẹni tó ti ṣe é rí. Ó ní àwọn aláìsàn ló fà á, wọn kì í lo oògùn, wọ́n lágídí. Lágídí kẹ̀!

Nígbà tí wọ́n dá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sílẹ̀ nílé ìwòsàn lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ àkọ́kọ́, owó bẹ́ẹ̀dì àti àyẹ̀wò ti gbẹ gbogbo ohun tó wà nílé. Wọ́n kọ oògùn mẹ́rin fún wọn: méjì fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ọ̀kan fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní títí ayé ni. Kò sẹ́ni tó sọ ẹni tí yóò máa sanwó títí ayé. Kò pẹ́ tí mo fi bá wọn nídìí tábìlì, tí wọ́n fi ọwọ́ òsì tí kò lágbára mọ́ tẹ hóró oògùn mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi abẹ là á sí méjì kó lè pẹ́ tán. Ti ọ̀rá ni wọ́n kọ́kọ́ pa tì, wọ́n ní kò kúkú sí ibi tó ń dun àwọn. Ìkejì dé, ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ìnáwó rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Ṣé àgídí nìyẹn?

Àwọn aláṣẹ ń ṣí ilé ìwòsàn ńláńlá, wọ́n ń ya fọ́tò, oògùn ojoojúmọ́ ò sì kàn wọ́n. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, bí ènìyàn mẹ́rin bá ní rọpárọsẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ti ṣe é rí.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni hóró kan ṣoṣo tó kó oògùn mẹ́ta pọ̀: aspirin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ọ̀rá. Lọ́dún 2022, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Yúróòpù láàárín àwọn tí ìkọlù ọkàn ti mú rí fi hàn pé irú hóró bẹ́ẹ̀ dín àpapọ̀ ikú tí àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ fà àti ìkọlù mìíràn kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, tí a bá fi wé lílo oògùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́dún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi irú rẹ̀ kún àkọsílẹ̀ oògùn kòṣeémáàní. Kí ni a tún ń retí? Mo mọ̀ pé kò yẹ gbogbo ènìyàn: ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀, dókítà rẹ̀ ni kó sọ bóyá aspirin tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yẹ, kí wọ́n máa fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibùdó ìlera tó sún mọ́ ọn, ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kó má baà máa là á sí méjì. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo wí o, kì í ṣe ẹ̀dínwó.

Kí adójútòfò ìlera gba ìnáwó físíò náà, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó rọ tún lágbára. Kí nọ́ọ̀sì sì máa wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò nílé, torí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti rọ kò yẹ kó máa tò láti ìdájí nítorí àyẹ̀wò ìṣẹ́jú márùn-ún.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tó ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀