Lẹ́tà ìparí sáà kejì sí àwọn òbí: ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kádẹ́ẹ̀tì wa

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ìnáwó ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Èsì ìdánwò wà nínú káàdì tí àwọn ọmọ ń mú bọ̀ wálé. Owó ilé ìwé kò yí padà. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kádẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn ọmọ tó ń kọ́ páréèdì àti ìwà aṣáájú ní ilé ìwé wa, ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ọ̀pọ̀ yín ti wá bá mi ní ọ́fíìsì, ẹ ń bèèrè bóyá a fẹ́ sọ ọmọ yín di sójà.

Rárá o. A kì í fi orúkọ ọmọ kankan ránṣẹ́ sí bárékè, ọmọ tó bá sì sú lè kúrò nígbà tó bá wù ú. Ohun tí à ń kọ́ wọn ni bí èèyàn ṣe ń gba àṣẹ kó tó máa pàṣẹ, àti pé ẹni tó wà níwájú ló ni ẹrù àwọn tó wà lẹ́yìn.

Mo fojú ara mi rí i ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kejì. Oòrùn mú ganrínganrín, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ páréèdì. Ọmọbìnrin kan ní SS2, tó jẹ́ sájẹ́ńtì, ló ń ṣáájú àwọn ọmọ JSS1. Kí ó tó pàṣẹ ohunkóhun, ó kọ́kọ́ rìn la àárín ìlà kọjá, ó ń wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan. Ó dúró níwájú ọmọkùnrin kékeré kan tí ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó bi í pé kí ló jẹ. Ọmọ náà ní òun ò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀. Ó mú un jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù, ó ní kí wọ́n wá omi àti búrẹ́dì fún un, ó wá padà síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Olùkọ́ kankan kò rán an níṣẹ́. Ọmọ yìí kan náà ni kì í lè dìde dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì nígbà tó wà ní JSS3. Inú mi dùn kọjá àlà lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, a kì í fi ipò tọrẹ. Ìwà, wíwá sí páréèdì lásìkò, àti máàkì inú kíláàsì la fi ń yan kọ́pùrà àti sájẹ́ńtì. Ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá já wálẹ̀ yóò fi páréèdì sílẹ̀ títí yóò fi gbé e sókè. Mo sì ti fòfin de é pé kí ọmọ tó nípò kankan na ọmọ ẹlòmíràn tàbí kó ní kó kúnlẹ̀. Tí ọmọ yín bá sọ pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun, ẹ má dúró de ìpàdé òbí, ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ wá tààrà.

Ní 15 oṣù Kìíní, a kó wọn kọjá bíríìjì lọ sí Tafawa Balewa Square, níbi tí wọ́n ti ń rántí àwọn ológun tó ti kú. Wọ́n rí bí a ṣe ń gbé òdòdó kalẹ̀ àti bí a ṣe ń tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Nígbà tí a padà dé, olùkọ́ ìtàn ṣàlàyé pé ọjọ́ yẹn ni ogun abẹ́lé parí ní 1970, pé oṣù Kọkànlá ni wọ́n ti ń ṣe ìrántí náà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló lọ bi àwọn bàbá àgbà wọn léèrè nípa ogun náà. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dára nínú ilé.

Ní sáà kẹta, wọn yóò máa múra máàṣì ọjọ́ àwọn ọmọdé, 27 oṣù Karùn-ún. Wọn yóò kọ́ bí a ṣe ń ka máàpù pẹ̀lú kọ́ńpáàsì àti bí a ṣe ń di ojú ọgbẹ́. A tún ti kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ Citizenship and Leadership Training Centre tó wà ní Àpápá, pé kí wọ́n gbà wá fún ẹ̀kọ́ orí omi. Ní 1951 ni ètò ilé ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Man O' War Bay, ní Kamẹrúùnù. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí ìwé kò ní fẹsẹ̀ kan omi.

Àwọn tó bá fẹ́ lọ sí NDA, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun ní Kàdúná, lẹ́yìn WAEC, ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè mọ̀ pé UTME, ìdánwò JAMB, ló ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ ìdánwò NDA fúnra rẹ̀, kí wọ́n tó pè wọ́n fún àyẹ̀wò. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bí obìnrin, láti 2011 ni wọ́n ti ń gba àwọn ọmọbìnrin síbẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ ogun gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra aṣọ kàmọ́ fún ọmọ kankan ní Tẹ̀júoṣó tàbí níbikíbi. Òfin kò gbà kí ará ìlú wọ aṣọ ológun, sójà sì lè dá ọmọ náà dúró lójú títì. Kákí lásán àti bẹ́rẹ́ẹ̀tì ni tiwa, télọ̀ ilé ìwé ló ń rán an.

Ìwé ìfọwọ́sí wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ẹ kọ àìsàn yòówù tí ọmọ ní síbẹ̀, pàápàá ikọ́ fée àti fọ̀níkú-fọ̀ládìde, kí ẹ sì fún un mú wá lọ́jọ́ tí a bá wọlé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́