Lẹ́tà ẹ̀sùn lórí Wi-Fi tí ẹ fi sí ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìkòròdú

Àgríìkì, Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà kẹrin rèé tí mo ń kàn sí yín lórí Wi-Fi mesh (ẹ̀rọ mẹ́ta tó ń ta Wi-Fi látaré fún ara wọn) tí àwọn ọmọṣẹ́ yín wá fi sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Orí fóònù ni mẹ́ta àkọ́kọ́, èsì kan náà ni mo sì ń gbà: ẹ ní kí n ra dátà sí i, ẹ tún ní kí n ra ẹ̀rọ kan sí i. Kì í ṣe dátà, kì í sì ṣe iye ẹ̀rọ. Sẹ́tìńgì kan ni, ẹ̀yin lẹ sì tì í pa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ń lò ó fún, torí ó jọ pé ẹni tó ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì yín kò mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ físíìsì kan ṣoṣo ló kù sí wa lọ́wọ́, kíláàsì mẹ́ta ló sì ń múra sílẹ̀ fún WAEC. Ó ń kọ́ kíláàsì kìíní lójúkojú, kámẹ́rà ń ká a, kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì mi sì ń pín fídíò náà lẹ́ẹ̀kan náà fún tábílẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ní kíláàsì kejì àti mẹ́fà ní kíláàsì kẹta. Inú ọgbà wa ni fídíò ti ń bẹ̀rẹ̀, inú ọgbà wa náà ló ń parí sí. Bí mo bá ra gbogbo dátà tó wà l'Ékòó, kò kàn án.

Lọ́jọ́ tí olùkọ́ wa ń ya bí iná ṣe ń gba inú wáyà kọjá, àwòrán dúró gbagidi ní kíláàsì kẹta lórí ìlà àkọ́kọ́. Nígbà tí yóò fi tún máa rìn, olùkọ́ ti nu bọ́ọ̀dù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wá bá mi, ó ní ṣé òun lè máa dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kìíní kí òun máa yọjú wò ó. Ó dùn mí wọra. Owó tí a san fún yín, àwọn òbí wọn ló dá a.

Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti ọmọ àbúrò mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní LASUSTECH jókòó ti ọ̀rọ̀ náà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Inífátà la lò, kí ẹ má baà ní iná ló ń ṣe ségesège. A fi iperf, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wọn ìyára nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọn ọ̀nà láti kíláàsì kẹta: nígbà tí kọ̀ǹpútà kan ń bá ẹnì kejì rẹ̀ nìkan sọ̀rọ̀, megabit 38 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fídíò wa kò ju megabit 3 lọ. Síbẹ̀, nígbà tí a rán megabit 3 yẹn ní multicast, ìyẹn fífi fídíò kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí gbogbo tábílẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà, ó lé ní ìdajì tó ṣègbé sójú ọ̀nà. A fa wáyà láti ọ́fíìsì dé ibẹ̀, a rán fídíò kan náà, ẹyọ kan kò sọnù.

Ohun tó wá mú iyèméjì kúrò lọ́kàn mi rèé. A pa ẹ̀rọ yín méjì tó jìnnà, a gbé tábílẹ́ẹ̀tì kan sórí tábìlì kan náà pẹ̀lú èyí tó kù. Àwòrán ṣì ń dúró. Ṣé ibẹ̀ náà jìnnà ni? A dín fídíò kù sí ìdajì megabit, ó ń lọ geere, àmọ́ ohun tí olùkọ́ kọ kò ṣe é kà mọ́. Ọmọ àbúrò mi fi Wireshark, ètò tó ń fi ohun tó ń lọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, gbọ́ ohun tó ń lọ nínú afẹ́fẹ́: gbogbo multicast tó ń jáde lára ẹ̀rọ yín, lórí ìgbì rédíò 2.4 GHz, megabit 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ìwọ̀n ìyára rẹ̀. Igbá tó ń gba kóńgò kan lẹ ní kí a fi bu kóńgò mẹ́ta.

Kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí. Lórí Wi-Fi, ẹ̀rọ tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ máa ń yára bí ẹni náà bá ṣe lè gbọ́ tó, bí ọ̀rọ̀ bá sì bọ́, yóò tún un sọ. Multicast kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí olùkọ́ tó ń ka ọ̀rọ̀ fún gbogbo kíláàsì kọ: ìyára ọmọ tó lọ́ra jù ló ń tẹ̀ lé, kò sì sí ẹni tó lè nawọ́ pé òun ò gbọ́. Nínú mesh, ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan náà lórí ìkànnì kan náà, ọ̀kan á dúró kí èkejì sọ tán. Àjọ IETF, tó ń ṣe ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì, ti ṣàlàyé ìṣòro multicast lórí Wi-Fi sínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ RFC 9119 lọ́dún 2021. Ẹ̀rọ kẹrin tí ẹ fẹ́ tà fún mi, ariwo ló máa fi kún.

Ẹ rán ẹni tó mọ̀ ọ́n wá, kó gbé ìwọ̀n ìyára multicast kúrò ní megabit 1 lọ sí 24, kó sì tan IGMP snooping, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ẹni tó fẹ́ gba multicast. Mo mọ̀ pé bí ìwọ̀n náà bá ga jù, èyí tó jìnnà lè má gbọ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó dúró ní kíláàsì kẹta kó dán an wò kó tó lọ. Bí kò bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó jẹ́ kí ẹ̀rọ ibẹ̀ sọ multicast di unicast, ìyẹn kó máa bá ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀, fún tábílẹ́ẹ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà Máìlì 12 ló ń dí yín lọ́wọ́, bí ọmọṣẹ́ yín ṣe sọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fún mi ní pásíwọ̀ọ̀dù àwọn ẹ̀rọ náà, a ó ṣe é fúnra wa. Wọ́n ní òfin ilé-iṣẹ́ yín kò gbà á. Ẹ̀rọ tí mo ti san owó rẹ̀ tán ni mi ò wá ní lè ṣí?

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fún yín láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá kó ẹ̀rọ yín, kí ẹ dá owó wa padà. Bí ẹ bá kọ èyí náà, màá gbé ẹ̀dà lẹ́tà yìí, rìsíìtì wa àti àbájáde ìdánwò wa lọ sí FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti máa gbèjà oníbàárà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tí ẹ máa rán wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìgbà yẹn la máa ń ṣe físíìsì. Yóò jókòó sí kíláàsì kẹta, yóò sì fojú ara rẹ̀ rí i.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Alákòóso ilé ẹ̀kọ́.