Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ Lórí Ayò Whot

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà nínú òtútù Leeds yẹn? Nítorí ohun tí o sọ pé àwọn ọmọ kì í gbé ojú kúrò lára fóònù lálẹ́, mo fi káàdì Whot sínú ẹrù tí àbúrò rẹ ń gbé bọ̀. Má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ará Leeds níbẹ̀ ni iléeṣẹ́ Waddingtons tó tẹ̀ ẹ́ jáde láyé àwọn ọdún 1930, ṣùgbọ́n àwa la mọ̀ ọ́n ta jù wọ́n lọ.

Káàdì 54 ni. Máa kà wọ́n, abẹ́ àga ni wọ́n máa ń sá sí.

Má kọ́ wọn ní gbogbo òfin lẹ́ẹ̀kan náà. Yọ márààrún tí wọ́n kọ Whot sí lára sọ́tọ̀ ná, kẹ́ ẹ sì ṣe bí ẹni pé kò sí káàdì kankan tó lágbára. Pín márùn-ún márùn-ún, ṣí ẹyọ kan sílẹ̀, da ojú ìyókù dé: ọjà nìyẹn. Bí ìràwọ̀ 7 bá wà nílẹ̀, ìràwọ̀ mìíràn tàbí 7 mìíràn ló lè tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá ní, kó lọ sọ́jà, ìyẹn ni pé kó mú ẹyọ kan níbẹ̀. Ẹni tí káàdì ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló jẹ. Èyí àbúrò tí kò tíì mọ nọ́ńbà dáadáa á máa fi àwòrán mú un.

Tó bá mọ́ wọn lára, ẹ wá mú agbára wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. “Pick two” ni kó ṣáájú, ìyẹn káàdì 2 tó ń mú kí ẹni tó kàn mú méjì lọ́jà; ọmọdé fẹ́ràn kó máa rán àgbà lọ sọ́jà. Kí 14 tẹ̀ lé e, tí gbogbo ilé á mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan àyàfi ẹni tó sọ ọ́ sílẹ̀. Whot ni kó kẹ́yìn, èyí tí ẹni tó bá sọ ọ́ sílẹ̀ á fi pe àwòrán tó bá fẹ́.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí: kẹ́ ẹ tó pín káàdì, ẹ fẹnu kò. Ṣé èèyàn lè fi 2 bo 2? Ṣé 5 ní agbára nílé yín? Ṣé a lè fi Whot parí? Nílé àwọn ọkọ rẹ, wọn kì í gba 2 lórí 2. Nílé tiwa, a gbà á. Ìwọ àti ọkọ rẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú ìyẹn, níbi tí àwọn ọmọ kò sí. Ohun tẹ́ ẹ bá sì ti sọ, ẹ má yí i padà láàárín ayò nítorí ẹkún ẹnikẹ́ni. Má mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n jẹ ọ́ o! Wọ́n á mọ̀. Bó bá ń sunkún, po káàdì, kí o tún un pín.

Bí ọjà bá tán, ẹ ṣírò ohun tó kù lọ́wọ́ kálukú. Ẹni tí tirẹ̀ kéré jù ló jẹ. Ìlọ́po méjì ni ti ìràwọ̀, Whot kan sì jẹ́ 20. Kí ẹ̀gbọ́n ṣírò fún gbogbo ilé láìmú bíírò. Ẹ ṣọ́ bàbá yín tó bá wá kí yín, kì í ka Whot tirẹ̀ mọ́ ọn.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Ẹ pè mí lórí fídíò lọ́jọ́ Àìkú, kí n mọ ẹni tó ń jẹ.

Ìyá rẹ