Nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ojú sánmà: kí NCC, àjọ tó ń darí ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, tó fọwọ́ sí i

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé Airtel Africa bá SpaceX, ilé iṣẹ́ tó ni Starlink, ṣàdéhùn kí fóònù lásán lè máa gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì tààrà lọ́wọ́ sátẹ́láìtì. Ẹni tó ń gbé láàárín Òṣogbo lè má mọ ohun tó ń dunni níbẹ̀. Ní abà wa, ojú fèrèsé kan ṣoṣo là ń so fóònù kọ́, nínú ọ̀rá. Bí aboyún bá ń rọbí lóru, ẹni tó máa pe ọlọ́kadà á kọ́kọ́ gun orí àpáta. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé ká torí kí ìràwọ̀ lè hàn dáadáa lálẹ́ kọ sátẹ́láìtì.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í sọ ọ́ tán. Agbára fóònù kéré. Kí sátẹ́láìtì tó lè gbọ́ ọ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, àfi kí eríàlì rẹ̀ tóbi. Ti sátẹ́láìtì BlueWalker 3, tí ilé iṣẹ́ AST SpaceMobile jù sókè ní 2022, tó yàrá mẹ́rin nílẹ̀. Bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ tán, oòrùn ń ta sí i lára, ó sì di ọ̀kan lára ohun tó mọ́lẹ̀ jù lójú ọ̀run lálẹ́. Ọmọ àdúgbò wa kan ti nawọ́ sí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ó ní Àgùàlà ń sáré! Ọ̀kan ò sì lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ ló fi ń yí ayé po. Bó bá ti ré abà wa kọjá, òmíràn gbọ́dọ̀ ti dé.

Ìlà funfun gbọọrọ ni irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ ń fà sórí àwòrán tí awò ńlá táwọn onímọ̀ fi ń wo ìràwọ̀, bíi ti Rubin ní Chile, ń yà. Ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí ló burú jù, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an làwọn onímọ̀ ń wá àwọn àpáta òfuurufú tó ń gba ìhà oòrùn bọ̀ wá bá ayé. Èyí ò kan onímọ̀ nìkan o.

Ní 2023, SpaceX bá National Science Foundation, àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ti Amẹ́ríkà, ṣàdéhùn pé àwọn á sapá kí ojú lásán má lè rí sátẹ́láìtì àwọn mọ́. Kí ló dé tí NCC ò lè kọ irú rẹ̀ sínú ìwé àṣẹ tiwa, kó di dandan? Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú ti Áfíríkà wà nínú OAU ní Ifẹ̀, ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Kí NCC pè wọ́n jókòó kó tó fọwọ́ sí ìwé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.